Agogo Mẹ́sàn-án Ti Lù ní Ouagadougou, Olórin Kò Tíì Dé

Ọ̀rọ̀ òde orin ní ìlú Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, kò jọ ọ̀rọ̀ òde orin ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àríyá tí kò bá mọ́jú, àwọn àgbà a máa sọ pé kò tíì tó àríyá. Ẹni tó bá pe Ebenezer Obey tàbí Sunny Adé sóde láyé ọjọ́un, àkùkọ ni í lé àlejò rẹ̀ lọ sílé, kì í ṣe agogo ara ògiri. Ṣùgbọ́n ní Ouagadougou, láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, kò sí ìran kan tó dàgbà níbẹ̀ tí kò mọ òfin kónílé-ó-gbélé bí ẹni mọ owó. Bí ìjọba bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan lówùúrọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó gbà á yóò ti dárúkọ wákàtí tí gbogbo ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò ní títì.

Ní ọjọ́ 24, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2022, nígbà tí àwọn ológun tí Paul-Henri Damiba jẹ́ olórí wọn gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Roch Kaboré, agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n fi òfin náà sí, títí di agogo márùn-ún ìdájí. Nígbà tó di ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, ọdún kan náà, tí Ibrahim Traoré lé Damiba náà kúrò lórí àga, agogo mẹ́sàn-án yẹn kan náà ni. Ṣáájú ìgbà náà, lásìkò àrùn Kòrónà ní oṣù Kẹta, ọdún 2020, agogo méje ni wọ́n sọ pé kí oníkálukú ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, àsìkò tí ìyá olóúnjẹ ẹ̀bá títì kò tíì sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀.

Ẹ wá wo ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì eré orin nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Alùpùpù ni púpọ̀ nínú àwọn ará Ouagadougou ń gùn, nítorí náà kò ní ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì í rò. Ọ̀rọ̀ wákàtí ló ní í rò. Wọ́n kọ agogo méje sí ara ìwé pélébé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé nígbà tí méje kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó san owó péréte fún àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ alùpùpù lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó jókòó. Agogo méje lù, àwọn tó ń so wáyà ni wọ́n wà lórí ìtàgé, wọ́n ń ka ení, èjì sínú makirofóònù. Méje ààbọ̀ lù, atọ́kùn ètò jáde, ó ní kí èrò pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mẹ́jọ lù, ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá ṣì wà ní òtẹ́ẹ̀lì. Ta ni yóò dá ọkùnrin yìí lẹ́bi bó bá dìde, tó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, tó gba ilé lọ láìgbọ́ orin kan ṣoṣo? Ṣọ́jà tó dúró ní oríta kò ní bi í léèrè bóyá olórin ló pẹ́ kó tó dé.

Bí ènìyàn bá bi àwọn olólùfẹ́ orin léèrè ohun tó ń ba òde jẹ́, wọn yóò dárúkọ ẹ̀rọ tó ń han gooro létí bí ìfúùfé, olórin tó mutí yó, gbọ̀ngàn tó gbóná bí ààrò. Gbogbo rẹ̀ ló wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àkókò ni baba wọn. Ọ̀nà méjì sì ni wọ́n ń gbà jí àkókò náà gbé mọ́ aráàlú lọ́wọ́: ológun ń gé e ní ìparí, olórin ń gé e ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó sanwó wà láàárín àwọn méjèèjì, àjẹkù wọn ni wọ́n ń pè ní eré fún un.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣì ń jẹ́ Upper Volta, tí òmìnira tó gbà lọ́wọ́ Faransé ní 1960 ṣì tutù yọ̀yọ̀, alẹ́ ibẹ̀ kún fún gìtá. Ní Bobo-Dioulasso, ìlú wọn kejì, ẹgbẹ́ Volta Jazz wà, Echo del Africa wà, Dafra Star ti Coulibaly Tidiani náà wà. Ní Ouagadougou, Harmonie Voltaïque ni àgbà, Super Volta sì gba ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n da orin Kúbà àti ti Kóńgò pọ̀ mọ́ èdè Mòoré àti Dioula, wọ́n fi fèrè sakisofóònù lé e lórí, wọ́n sì ń ṣe é lójúkojú, láìsí ẹ̀rọ tó ń bá wọn kọrin. Ayàwòrán kan wà ní Bobo-Dioulasso tó ń jẹ́ Sory Sanlé, ó dá ilé ìyàwòrán Volta Photo sílẹ̀ ní 1960. Ẹni tó bá rí àwọn fọ́tò rẹ̀ yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tó múra òde: ṣòkòtò tó fẹ̀ lẹ́sẹ̀, awò dúdú lójú, ọwọ́ níbàdí. Ẹni tí kò nírètí pé alẹ́ yóò gùn kì í múra báyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ kan alẹ́ yẹn lápá ni ìdìtẹ̀gbàjọba tó ń tẹ̀ lé ara wọn bí ìgbì omi. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1980, Saye Zerbo gbàjọba. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1982, wọ́n lé òun náà. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹjọ, ọdún 1983, Thomas Sankara dé pẹ̀lú ìyípadà tirẹ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n sì fi sọ pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Ouagadougou lórúkọ títí di òní. Pẹ̀lú ìyípadà náà ni kónílé-ó-gbélé tún dé, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì mẹ́ta.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó, nítorí Sankara kì í ṣe ọ̀tá orin. Olórin ni òun fúnra rẹ̀. Ó máa ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Tout-à-Coup Jazz nígbà tó wà ní ìlú Pô gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ológun. Lábẹ́ ìjọba rẹ̀ ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin olórin sílẹ̀, Les Colombes de la Révolution, tí obìnrin ń ta gìtá tí obìnrin sì ń lu ìlù, ohun tí ojú púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin ìgbà náà kò rí rí. Wọ́n dá ẹgbẹ́ akọrin ti àwọn ọmọdé sílẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí Sankara kórìíra ni ilé fàájì olówó ńlá, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń ná owó oṣù wọn nígbà tí àgbẹ̀ ń wá omi. Ó ní kí wọ́n dín owó ẹnu ọ̀nà kù, kí wọ́n ṣe ijó ìta gbangba tí mẹ̀kúnnù lè wọ̀. Ẹni tó bá lo ojú àánú wò ó yóò sọ pé èrò rere ni.

Èrò rere kò bọ́ ẹgbẹ́ olórin, ṣùgbọ́n. Báǹdì kan kì í ṣe ẹnì kan. Ó tó ènìyàn mẹ́wàá, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó ń ta gìtá ńlá àti ẹni tó ń ta kékeré, onífèrè, onílù, akọrin, elégbè, ẹni tó ń gbé ẹrù, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Owó wọn kì í wọlé lójú ọ̀sán. Láti agogo mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń jẹun, nígbà tí ọtí ń tà, tí èrò ń jó, tí olówó kan sì ń sọ pé kí wọ́n tún orin òun kọ. Bí òfin bá gé wákàtí wọ̀nyẹn kúrò, kò ní láti fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n, kò ní láti fi òfin de orin. Ẹgbẹ́ náà yóò kú fúnra rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Oníbàárà kò ní san iye kan náà fún wákàtí méjì tó ń san fún mẹ́fà. Onílé fàájì yóò ní kí wọ́n mú ènìyàn mẹ́ta kúrò. Oṣù tó tẹ̀ lé e, yóò ní òun ti ra ẹ̀rọ tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì.

Yorùbá ì bá sọ pé kí wọ́n kúkú ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn, kí wọ́n sọ ọ́ di àìsùn títí agogo márùn-ún ìdájí yóò fi lù. Ṣùgbọ́n àìsùn nílò onílé tí kò bẹ̀rù, àwọn ìgbìmọ̀ olùdáàbòbò ìyípadà sì wà ní àdúgbò gbogbo nígbà náà, ojú wọn kò gbé ilẹ̀.

Abidjan ti ń fa àwọn olórin ilẹ̀ náà mọ́ra tipẹ́. Amadou Balaké ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Georges Ouédraogo náà ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn 1983, ẹni tó kù nílé kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìdí tí kò fi ní tẹ̀ lé wọn. Ẹ wo ti Victor Démé, aránṣọ àti akọrin láti Bobo-Dioulasso. Ọdún 1962 ni wọ́n bí i. Ọdún 2008 ni àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, nígbà tó ti lé ní ọmọ ọdún 45. Kò sì pẹ́ níbẹ̀: ọdún 2015 ló kú. Àwọn tó gbọ́ ọ ní Faransé ní ọdún méje àárín yẹn ń bi ara wọn léèrè ibi tí irú ohùn báyìí fara pamọ́ sí láti ọjọ́ yìí wá. Kò fara pamọ́ síbì kankan. Ìtàgé ni kò sí.

Nígbà tó yá, àwọn òyìnbó wá kó àwo àtijọ́ jọ. Ilé iṣẹ́ Numero Group ní Amẹ́ríkà gbé àkójọ kan jáde ní 2016, wọ́n pè é ní Bobo Yéyé, orin àwọn báǹdì àtijọ́ yẹn pẹ̀lú fọ́tò Sory Sanlé ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń du àmì ẹ̀yẹ Grammy ti ọdún 2018. Orin tí ṣọ́jà kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ìlú jó parí ti di ohun tí àwọn ọlọ́wọ́ ń ra sínú àpótí dáradára ní Chicago.

Ọ̀rẹ́ Sankara kan wà tí gbogbo Yorùbá mọ̀: Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Sankara gbà á lálejò ní Ouagadougou ní 1987, ọdún kan náà tí wọ́n pa Sankara ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá. Fẹlá kọrin nípa ikú náà nínú àwo rẹ̀ Underground System tó jáde ní 1992. Ẹni tó bá rò ó yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀. Fẹlá ni ọba òru. Ní Shrine ní Ìkẹjà, ẹni tó bá dé ní agogo mẹ́wàá yóò bá àga òfìfo. Ọ̀gànjọ́ ni bàbá ń jáde, á bú ìjọba fún wákàtí kan kó tó fọwọ́ kan sakisofóònù. Òun ló wá di ọ̀rẹ́ ẹni tó gé òru kúrú ní ìlú tirẹ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ju agogo lọ, ó dájú, ṣùgbọ́n ì bá wu ènìyàn láti mọ ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ nípa aago mẹ́sàn-án.

Fẹlá náà máa ń já olólùfẹ́ kulẹ̀, lọ́nà tirẹ̀. Orin tó bá ti gbé jáde nínú àwo, kì í kọ ọ́ lójú agbo mọ́. Àwọn tó rìn ọ̀nà jíjìn ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà nítorí Zombie tàbí Lady, orin tuntun tí wọn kò gbọ́ rí ni wọ́n bá pàdé, ọ̀kan ṣoṣo sì lè gba ìṣẹ́jú ogójì. Àwọn kan bínú lọ sílé. Síbẹ̀ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn, ènìyàn tó lé ní ogún sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìtàgé, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lójúkojú títí òógùn fi bò wọ́n. Ìyàtọ̀ wà láàárín olórin tí kò fún ọ ní ohun tí o fẹ́ àti olórin tí kò fún ọ ní ohun tí o san owó rẹ̀.

Nítorí ìran tó tẹ̀ lé àwọn báǹdì ní Ouagadougou, ọ̀ràn mìíràn ni wọ́n bá yọ: fífi ẹnu jẹ́. Olórin á jáde pẹ̀lú aṣọ tó ń dán, oníjó mẹ́rin á tẹ̀ lé e, wọ́n á tẹ ẹ̀rọ, orin inú àwo á máa dún, òun á máa la ẹnu bí ẹja. Bí makirofóònù bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orin kò ní dúró. Kì í ṣe Burkina Faso nìkan, gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń ṣe é ní àlàyé, kì í sì í ṣe àlàyé asán. Wọ́n ní kí ni àwọn yóò fi sanwó fún ènìyàn mẹ́wàá, kí ni àwọn yóò fi sanwó ìdánrawò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí wákàtí eré kò tó nǹkan, tí ẹ̀rọ tí wọ́n yá kò sì dára tó láti gbé ohùn ìlù gidi. Àwọn bíi Bil Aka Kora, tó gbé ìlù djongo àwọn ará Kasena wá sí orí ìtàgé, àti Alif Naaba, tó máa ń kọrin láìwọ bàtà, kò gbà fún àlàyé yẹn, wọ́n ń mú báǹdì wọn rìn. Àjọ̀dún Jazz à Ouaga pẹ̀lú, láti 1992, ń fi yé àwọn ọmọ ìlú pé gìtá ṣì lè dún lójú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn náà mọ iye tó ń ná wọn.

Bí òde ṣe ń gbìyànjú láti gbérí, ọta ìbọn dé. Ní alẹ́ ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2016, àwọn agbébọn ya wọ òtẹ́ẹ̀lì Splendid àti ilé oúnjẹ Cappuccino lójú pópó Kwame Nkrumah, wọ́n pa 30 ènìyàn. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2017, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé oúnjẹ Aziz Istanbul, lójú pópó kan náà. Ẹni tó bá mọ títì yẹn mọ̀ pé ibẹ̀ ni fàájì ìlú wà: iná, orin, àwọn tó ń ta súyà. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà eré orin ti di ibi tí wọ́n ti ń tú àpò, tí wọ́n ń fi irin wá ara ènìyàn. Kò sẹ́ni tó lè ráhùn sí ìyẹn. Àmọ́ ó túmọ̀ sí pé ẹni tó fẹ́ jókòó ní agogo méje gbọ́dọ̀ ti tò ní agogo márùn-ún ààbọ̀. Iye wákàtí tí ará Ouagadougou ń fi sílẹ̀ fún olórin ń pọ̀ sí i, iye tí olórin ń fún un kò pọ̀ sí i.

Ọdún 2022 tí wọ́n gbàjọba lẹ́ẹ̀mejì ní Ouagadougou yẹn, ọdún náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kọrin káyé fi ọ̀rọ̀ òde orin sórí ahọ́n gbogbo ènìyàn, àìsí ṣọ́jà kankan níbẹ̀. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹjọ, Kizz Daniel, ọmọ Abẹ́òkúta, yẹ kó kọrin ní Dar es Salaam ní Tansáníà. Kò gorí ìtàgé. Ìgò àti àga ni èrò fi dáhùn, àwọn ọlọ́pàá sì mú un ní ọjọ́ kejì kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, Wizkid, ọmọ Sùúrùlérè, ni wọ́n ń dúró dè ní pápá ìṣeré Accra. Wọ́n dúró di ìdájí, kò yọjú. Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, ó ní ọ̀rọ̀ ààbò àti ètò orí ìtàgé ni kò jẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní pápá ní agogo mẹ́ta òru kò mọ ìdí kankan, kò sí ẹni tó jáde wá sọ fún un, ohun tó sì ń dunni jù nìyẹn. Ní Gánà, kò sí kónílé-ó-gbélé. Òru náà gùn títí, wọ́n fún wọn ní gbogbo rẹ̀, òfìfo ni.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ti Accra, ní ọjọ́ 15, ọ̀rọ̀ kọjá ìjákulẹ̀. Asake ń kọrin ní gbọ̀ngàn Brixton Academy ní Lọ́ńdọ̀nù, alẹ́ kẹta nínú mẹ́ta. Ó dé, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ìjà ti ṣẹlẹ̀: èrò tó pọ̀ ju ààyè lọ, àwọn kan láìní tíkẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì lulẹ̀. Wọ́n dá orin dúró. Ènìyàn méjì kú. Gbọ̀ngàn náà wà ní títì títí di oṣù Kẹrin, ọdún 2024, lẹ́yìn tí ìjọba ìbílẹ̀ Lambeth ti ka ìlànà 77 sí i lẹ́sẹ̀ kó tó lè ṣílẹ̀kùn. Àwọn tó ń sọ pé ìwà Áfíríkà ni ìdàrúdàpọ̀ òde, kí wọ́n rántí pé Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Kí àwọn tó sì ń sọ pé òyìnbó ló ń ṣe é kí wọ́n rántí Conakry, ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 2014, nígbà tí àwọn tó lé ní 30 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi orin ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ létí òkun Rogbané, tàbí Kinshasa, oṣù Kẹwàá, ọdún 2022, níbi orin Fally Ipupa, tí ènìyàn 11 kú ní pápá Stade des Martyrs.

Ìtàn kan wà tí àwọn agbátẹrù eré ní Ouagadougou àti ní Èkó ì bá máa sọ fún ọmọ wọn. Ní alẹ́ tó mọ́ ọjọ́ 18, oṣù Kẹrin, ọdún 1980, orílẹ̀-èdè Zimbabwe gba òmìnira, wọ́n sì pe Bob Marley wá sí pápá Rufaro ní ìlú tó ń jẹ́ Salisbury nígbà náà, tó ti di Harare báyìí. Owó ara rẹ̀ ló fi kó ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Inú pápá kún fún àwọn ènìyàn jàǹkànjàǹkàn, Prince Charles wà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ja ogun náà àti àwọn mẹ̀kúnnù wà ní ìta, wọ́n ń gbọ́ orin láti ẹ̀yìn ògiri. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, ọlọ́pàá yin tajútajú, èéfín rẹ̀ wọnú pápá, ojú akọrin àti ojú àlejò ń ta omi. Eré dà rú. Bí wọ́n bá ń ka òde orin tó bàjẹ́ nínú ìtàn Áfíríkà, kò yẹ kí wọ́n yọ ti ọjọ́ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Marley kò wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé. Ní alẹ́ tó tẹ̀ lé e, ó padà sí pápá kan náà, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láìgba kọ́bọ̀, ó sì kọrin fún àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri lánàá.

Kizz Daniel náà ṣe ohun tó jọ ọ́. Kó tó kúrò ní Dar es Salaam, ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, ó kọrin lọ́fẹ̀ẹ́ fún wọn. Àwọn kan ní ẹ̀rù ọlọ́pàá ni. Ẹ̀rù ọlọ́pàá tàbí ìfẹ́, àwọn ará Tansáníà gbọ́ orin wọn.

Ní Ouagadougou, lábẹ́ òfin agogo mẹ́sàn-án, ọ̀la kì í fi bẹ́ẹ̀ sí fún olórin tó pẹ́. Àlejò ti ní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ́wọ́, gbọ̀ngàn ti ní ẹlòmíràn tó yá a, owó ti wà lápò agbátẹrù. Nítorí náà ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó ń gbé ní ìgbèríko ìlú yóò fi ìṣẹ́jú ogójì gun alùpùpù délé, yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá alùpùpù náà láàárín ẹgbẹ̀rún. Ó gbọ́dọ̀ jáde ní agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí eré tí wọ́n kọ agogo méje sí bá bẹ̀rẹ̀ ní méje, àádọ́rin ìṣẹ́jú ló ní. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́jọ, orin méjì, bóyá mẹ́ta bí wọ́n bá kúrú, ọmọ rẹ̀ yóò sì máa wo ẹ̀yìn títí wọn yóò fi dé ẹnu géètì.